Ẹnu Ṣáájú Okùn: Bí Òṣìṣẹ́ Ìlera Ṣe Lè Tu Ẹni tí Ọkàn Rẹ̀ Dàrú Lójú



Yorùbá a máa sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ohun méjì ni òwe yìí ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fi hàn pé ojú ìran ni àwọn èrò ọjà fi ń wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó sì ń fi hàn pé ẹni tí ó bá jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni, tàbí baba rẹ̀, tàbí aya rẹ̀, ẹkún ni yóò máa sun. Ṣùgbọ́n láàárín ẹni tí ń wòran àti ẹni tí ń sunkún, ẹnì kẹta kan wà tí òwe náà kò dárúkọ. Ẹni náà ni òṣìṣẹ́ ìlera, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà sì ṣe ọmọ iṣẹ́ tí ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Òun ni wọn yóò gbé aláìsàn náà lé lọ́wọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí ariwo bá ti gba gbogbo ilé ìwòsàn kan. Ohun tí òṣìṣẹ́ yìí bá kọ́kọ́ ṣe láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò yọrí sí. Ohun tí àsọyé òní dá lé nìyẹn.

Àìsàn ọpọlọ kì í fi gbogbo ìgbà pariwo. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní in ń lọ sí ibi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn, wọn kò sì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n àkókò kan lè dé tí ìdààmú inú ọkàn yóò pọ̀ ju èyí tí olúwarẹ̀ lè dá gbé lọ. Oorun yóò dá lójú rẹ̀. Ó lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè gbà pé wọ́n fẹ́ pa òun. Ó lè máa wá ọ̀nà àtipa ara rẹ̀. Ìbínú ni ará òde máa ń rí. Bí ènìyàn bá wo abẹ́ ìbínú náà dáadáa, ẹ̀rù ni yóò bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún wá fi okùn lé kiri, ẹ̀rù rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nítorí náà, ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera àti ìfarabalẹ̀ rẹ̀ ni oògùn àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí gbà, kí ọ̀rọ̀ okùn tó dé rárá.

Okùn àti ẹ̀wọ̀n ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Láyé àtijọ́, àwọn onísègùn kan a máa fi àbà de ẹsẹ̀ aláìsàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn sì kọ́ ilé fún àwọn alárùn ọpọlọ sí Yábàá ní Èkó ní ọdún 1907, ilé àhámọ́ ni ó jẹ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Ọdún 1954 ni ọ̀nà mìíràn là. Ní ọdún náà, Ọ̀mọ̀wé Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ètò kan sílẹ̀ ní Aro. Kò kó àwọn aláìsàn rẹ̀ sínú ọgbà olódi. Ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká ni ó fi wọ́n wọ̀ sí. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bí ìtọ́jú bá parí, aláìsàn náà yóò padà sí àárín àwọn ará abúlé. Lambo tilẹ̀ pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Òkìkí ètò yìí kàn ká ayé, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ̀kọ́ tí Aro fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìlera kò ṣòro: ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kò tíì kúrò ní ènìyàn, bí wọ́n bá sì ṣe bí ènìyàn sí i, òun náà yóò máa wá ọ̀nà àtidáhùn bí ènìyàn.

Síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n kò tíì tán nílẹ̀. Ìròyìn tí ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé jáde nípa Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 fi hàn pé wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilé àdúrà, ní ilé onísègùn, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú. Kì í ṣe ìkà ló ń mú gbogbo àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe é. Òmíràn nínú wọn kò mọ ohun mìíràn tí òun ìbá ṣe.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ohun mìíràn náà hàn kedere. Ká ní wọ́n gbé bàbá kan dé ilé ìwòsàn ìjọba ní aago mẹ́wàá alẹ́. Káfíńtà ni, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orí rẹ̀ kò dàrú rí láyé. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni ó ti ń sọ kántankàntan. Ara rẹ̀ a balẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, bí alẹ́ bá lẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn kan wà lórí àjà tí wọ́n fẹ́ pa òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi okùn di ọwọ́ rẹ̀ wá. Ènìyàn mẹ́fà ni ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ọ̀kan ń bẹ̀ ẹ́, ọ̀kan ń jágbe mọ́ ọn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì ń mi kóńdó.

Ohun tí nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣe kò tíì kan bàbá náà rárá. Ara òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ mú balẹ̀. Yóò mí kanlẹ̀, yóò tú ìkúùkù tí ó dì láìmọ̀, yóò sì rẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀, nítorí pé iná kì í pa iná. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún àyíká ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù yóò bọ́ sẹ́yìn, ẹ̀ṣọ́ yóò gbé kóńdó rẹ̀ pamọ́. Ọmọ tí bàbá fẹ́ràn jù yóò dúró tì í. Wọn yóò tan iná kí ibẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí òjìjì inú òkùnkùn a máa di ènìyàn lójú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Wọn yóò kó àlùmọ́gàjí, ìgò àti abẹ́rẹ́ kúrò nítòsí. Nọ́ọ̀sì yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n apá méjì jìnnà sí i, yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ dípò kí ó kò ó lójú gbàgà, yóò jẹ́ kí ọwọ́ òun méjèèjì hàn. Kò ní dí ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí wọ́n dí i mọ́ òun, nítorí pé bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò bá rí ọ̀nà jáde, ara ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni yóò gbà jáde. Kò sì gbọdọ̀ dá wà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan yóò wà ní ibi tí ó ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, ní gbólóhùn kúkúrú kúkúrú. “Ẹ kú alẹ́, bàbá. Èmi ni nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìwòsàn ni ibí. Kò sí ẹni tí yóò lù yín.”

Ká ní bàbá pariwo mọ́ ọn pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ náà wà nínú wọn! Wọ́n wà lórí àjà yẹn, mo ń rí wọn!”

Ibi yìí ni àṣìṣe méjì ti máa ń wáyé. Ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn pé irọ́ ni, pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àríyànjiyàn kì í tan irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀; ńṣe ni yóò sọ oníyàn náà di ọ̀tá. Ẹlòmíràn yóò tàn án jẹ, yóò ní òun náà rí wọn, òun yóò lé wọn lọ. Ìyẹn yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀rù náà múlẹ̀, bí bàbá bá sì mọ̀ lọ́la pé ẹ̀tàn ni, kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Ọ̀nà kẹta wà: kí òṣìṣẹ́ má gba ohun tí kò rí, kí ó sì gba ohun tí ó rí. “Ẹ má bínú, bàbá. Èmi kò rí ẹnikẹ́ni lórí àjà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà yín, ẹ kò sì tíì sùn. Ó ti rẹ̀ yín. Kí ni ẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?”

Lẹ́yìn ìbéèrè yìí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà lè gùn. Kí ó má ṣe kánjú fi ọ̀rọ̀ dí i, nítorí pé ọpọlọ tí ó dàrú kì í tètè rí ìdáhùn mú. Bí bàbá náà kò bá gbọ́, kí ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ pẹ̀lú ohùn kan náà. Ká wá ní bàbá dáhùn pé, “Mo fẹ́ tọ̀! Láti àná ni mo ti fẹ́ tọ̀, kò jáde!”

Láti ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti ń bá a pariwo, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ń ṣe é. Ìbéèrè kan yìí ti ṣílẹ̀kùn àìsàn náà. Àgbà ọkùnrin ni. Ẹṣẹ́ inú tí ó máa ń wú ní ọjọ́ ogbó ti lè dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, kòkòrò àrùn sì ti lè wọ inú àpò ìtọ̀. Nínú ara arúgbó, irú àrùn bẹ́ẹ̀ lè da orí rú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà yóò fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà, yóò sì wo àrùn náà. Bí ara bá ti ń yá, orí yóò máa padà bọ̀ sípò. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dì í mọ́lẹ̀, tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, tí wọ́n sì tì í mọ́ yàrá títí ilẹ̀ fi mọ́, ohun tí ń pa á yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà líle, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ orí, wàrápá, àti ọtí tí ọ̀mùtí ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì ṣe lè da orí ènìyàn rú. Abísínwín náà wà, èyí tí ó máa ń ki ìyá ìkókó mọ́lẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ka ìtùnú sí àpọ́nlé lásán. Ojúlówó ọ̀nà àyẹ̀wò ni. Aláìsàn tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ni yóò na apá kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, òun náà ni yóò sọ ibi tí ó ń dùn ún.

Òṣìṣẹ́ yóò tún fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ àtiyàn. “Bàbá, ṣé ẹ ó jókòó sórí àga yìí ni, àbí ẹ fẹ́ dùbúlẹ̀? Ṣé kí n bu omi wá? Bí ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ yín yóò tú okùn náà.” Ẹni tí gbogbo nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun kékeré tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ yàn yóò dá iyì díẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fún un ní àṣàyàn tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìtùnú kò túmọ̀ sí pé kí gbogbo nǹkan lọ láìní ààlà. Òṣìṣẹ́ lè sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè pé, “Ẹ lè bínú níbí, bàbá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ẹnìkejì.” Ìkìlọ̀ ni èyí, kì í ṣe ìhàlẹ̀, aláìsàn sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Nígbà tí àwọn dókítà tí ń tọ́jú pàjáwìrì ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà wọn jáde ní ọdún 2012, àwọn nǹkan yìí gan-an ni wọ́n tò sínú rẹ̀: àyè láàárín, ẹnì kan tí ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn kúkúrú, etí tí ń gbọ́, ààlà tí ó hàn, àti àṣàyàn. Àgbà Yorùbá tí ó mọ ìjà là yóò rí i pé àwọn nǹkan náà kò ṣàjèjì sí òun.

Òmíràn wà tí kì í pariwo rárá. Yóò jókòó, yóò gbójú sílẹ̀, yóò ní kò sí nǹkan. Ìdákẹ́jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè léwu ju ariwo bàbá náà lọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù àtibi í bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀, wọ́n rò pé ìbéèrè náà ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé ìbéèrè tààrà kì í ti ènìyàn sínú rẹ̀. Ìtura ni ó máa ń jẹ́ fún ẹni tí ó ti ń dá ẹrù náà rù. Kí òṣìṣẹ́ bi í léèrè pẹ̀lú ohùn tútù, kí ó má dá a lẹ́jọ́, kí ó má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kí ó sì sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò àti ohun mìíràn tí ó lè fi pa ara rẹ̀ kúrò nítòsí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì méjì ni ń tọ́jú wóòdù kan lóru, wọ́n sì ti fọ́ ojú òṣìṣẹ́ rí. Òótọ́ ni, ẹ̀mí òṣìṣẹ́ kò sì kéré sí ẹ̀mí aláìsàn. Bí ẹnì kan bá mú àdá tàbí ìgò fífọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kọ́ ló kàn. Kí olúwarẹ̀ bọ́ sẹ́yìn, kí ó kó àwọn aláìsàn yòókù kúrò níbẹ̀, kí ó sì ké pe ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àìtó òṣìṣẹ́ gan-an ni ó mú ìtùnú di dandan, nítorí pé ìjàkadì ni iṣẹ́ tí ń gba ènìyàn púpọ̀ jù. Ìwádìí tí Len Bowers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2015 jẹ́rìí sí ọ̀nà yìí. Wóòdù 31 ní ilé ìwòsàn 15 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lò. Níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà ìtùnú àti ìbágbépọ̀, ìjà àti rògbòdìyàn fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 dín kù, dídì mọ́lẹ̀ àti irú rẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 dín kù. Nígbà tí ìjà bá dín kù, ojú òṣìṣẹ́ tí yóò fọ́ náà yóò dín kù.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹnu kò ní ran ọ̀rọ̀ náà, tí yóò pọn dandan kí wọ́n di aláìsàn mú kí ó má baà pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn. Kí wọ́n ṣe é fún àkókò tí ó kúrú jù lọ, kí ẹnì kan máa bá a sọ̀rọ̀ títí, kí ẹlòmíràn sì máa wo mímí rẹ̀. Kí wọ́n má dojú rẹ̀ délẹ̀, kí wọ́n má fi orúnkún tẹ ẹ̀yìn tàbí àyà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un lábẹ́rẹ́, kí wọ́n sọ fún un kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ìmí àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun tí àìbìkítà lè fà hàn gbangba ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2010. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 23 kan tí ń jẹ́ Olaseni Lewis, ọ̀kan nínú àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Yorùbá lókè òkun, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bá àwọn ẹbí rẹ̀ wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọlọ́pàá 11 ti dì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó dákú, kò jí mọ́, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ ikú náà sọ pé agbára tí wọ́n lò pọ̀ jù. Àwọn òbí rẹ̀ kò sinmi títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin kan ní ọdún 2018, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Òfin Seni. Òfin náà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ní ọ̀nà tí wọn yóò fi yẹra fún ipá, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá lo ipá.

Nàìjíríà náà ti ní òfin tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin ọdún 1958. Ó fi ẹ̀tọ́ aláìsàn ọpọlọ múlẹ̀, ó sì pààlà sí ìgbà tí wọ́n lè so ènìyàn mọ́lẹ̀ tàbí tì í mọ́ yàrá. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Òṣìṣẹ́ ni yóò dúró níbẹ̀.

Bí ìjì náà bá ti rọlẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Kí òṣìṣẹ́ padà tọ aláìsàn lọ, kí ó bi í léèrè ohun tí ó dẹ́rù bà á jù, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Kí àwọn òṣìṣẹ́ náà jókòó papọ̀, kí ẹni tí wọ́n gbá létí tàbí tí wọ́n bú rí ẹni tí yóò tù ú nínú. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ bàbá náà pé, bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tètè gbé e wá, kí wọ́n sì fi okùn sílẹ̀ sílé. Ẹni tí wọ́n bá tù lójú lónìí yóò fúnra rẹ̀ padà wá gba oògùn lọ́la. Ẹni tí wọ́n bá lù yóò sá, ibi tí yóò sì sá lọ ni ibi tí ẹ̀wọ̀n wà.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí orí ẹnikẹ́ni dàrú. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlẹ́nu rere ni wọn yóò gbé olúwarẹ̀ dé. Ó dàárọ̀ o.